Ọ̀kẹ́rẹ́ Pupa àti Ewéko Alátẹ̀gùn ní Igbó Abernethy

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Lọ́ńdọ̀nù dé Aviemore ní ilẹ̀ Sìkọ́tíláǹdì, igbó Abernethy kò jìnnà mọ́. Igi páìnì ni ó pọ̀ níbẹ̀. Lókè igi ni ọ̀kẹ́rẹ́ pupa ń sá kiri. Nísàlẹ̀, ewéko wínníwínní kan tẹ́ ilẹ̀ bí ẹní.

Ọ̀kẹ́rẹ́ náà wúwo tó nǹkan bí 300 gíráàmù. Kì í sun ìgbà òtútù já bí àwọn ẹranko mìíràn, nítorí náà ó ń ri hóró èso mọ́lẹ̀, ó sì ń sá olú sórí ẹ̀ka igi, bí ìyá ilé ti í sá ilá.

Ewéko yìí kò tọ́jú nǹkan kan. Hylocomium splendens ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kò ní gbòǹgbò tí ń fa omi. Ara ewé ni ó fi ń mu òjò. Bí ọ̀dá bá dé, a gbẹ, a ká kò bí ohun tí ó ti kú. Bí òjò bá kàn án, a tún tutù yọ̀yọ̀. Lọ́dọọdún ni ó ń gbé àtẹ̀gùn tuntun kan lé ti èṣí, tí ẹ lè fi ìka kà. Lójú tèmi, ewéko ni ó yani lẹ́nu jù, bí àwọn ọmọdé kò tilẹ̀ ní gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyá ọ̀kẹ́rẹ́. Igi wẹ́wẹ́ ni ó fi ń hun ìtẹ́, irú ewéko báwọ̀nyí àti koríko ni ó sì ń tẹ́ sínú rẹ̀. Ìhòhò ni àwọn ọmọ ń wá sáyé, ojú wọn dì. Ó ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 kí wọ́n tó lajú. Akọ kì í bá a tọ́ wọn rárá. Ẹ̀yin ìyá mọ ohun tí èyí jẹ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́ eléérú tí a kó wá láti Amẹ́ríkà, tí a tú sílẹ̀ ní England ní 1876, ti gba ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ pupa, ó sì ń gbé àrùn tí ń pa á kiri. Sìkọ́tíláǹdì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn pupa ilẹ̀ Bìrìtéènì kù sí.

Àárọ̀, nígbà tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ni kí ẹ lọ. Ẹ má kúrò lójú ọ̀nà. Bí ọmọ bá sì fa ewéko kan tu, ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ ka àtẹ̀gùn rẹ̀.