Ronú Ọjọ́ Tí Iná Bá Lọ Kí O Tó Gé Páìpù

Houston, Texas,
Amẹ́ríkà.
12 Oṣù Kẹwàá, 2024.

Àlàó, àbúrò mi ọ̀wọ́n,



Ọ̀rọ̀ àpótí ẹja rẹ ló jẹ́ kí n mú bírò. Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Àìkú, ariwo jẹnẹrétọ̀ ni mo gbọ́ ju ohùn rẹ lọ. O ní láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún 2023, owó bẹntiróòlù tí o fi ń tọ́jú ẹja àti iyùn inú òkun ti fẹ́ máa bá owó oúnjẹ ilé dọ́gba, o sì fẹ́ ta àpótí ńlá náà kí o ṣe kékeré. Ó dára bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti gba ọ̀nà yẹn kọjá. Ọ̀rọ̀ tí o sọ kẹ́yìn ni kò jẹ́ kí n sùn. O ní, "Kékeré kò lè yọ mí lẹ́nu." Àlàó, kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àpótí tó wà ní pálọ̀ rẹ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 180, ó fẹ̀ ní 60, ó sì ga ní 60: lítà 648 nìyẹn. Èyí tí o fẹ́ ṣe, tó gùn ní 90, tó fẹ̀ ní 50, tó ga ní 45, kò ju lítà 202 àtààbọ̀ lọ. Iyọ̀ inú omi òkun tí iyùn fẹ́ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 35 nínú kílò omi kan. Bí omi bá ń gbẹ, omi nìkan ló ń lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Ká ní lítà 3 ló ń gbẹ lójúmọ́, tí ẹ wá rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì bu omi sí i: lítà 21 ti lọ. Nínú àpótí ńlá, iyọ̀ á gun 35 dé 36, iyùn á fara dà á. Nínú kékeré, ó ti di 39. Kí ẹ tó dé, iyùn yín ti súnkì. Omi púpọ̀ a máa bo àṣìṣe wa mọ́lẹ̀. Omi díẹ̀ kì í bo ẹnikẹ́ni láṣìírí.

N kò sọ pé kí o má ṣe é o. Èrè rẹ̀ pọ̀. Ẹrù tó ju kílò 650 lọ ni omi nìkan ń gbé lé ilẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé rẹ báyìí, ká tó sọ ti dígí àti òkúta. Pọ́ǹpù kékeré kò jẹ iná púpọ̀, iná tí o máa tàn lé iyùn lórí náà á dín kù, fáànù kan tó ń fẹ́ ojú omi sì lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù. Kí o kàn rántí pé bí fáànù ṣe ń mú omi tutù, bẹ́ẹ̀ ló ń mú un gbẹ. Omi tí kò níyọ̀ ni kí o máa fi dí i, lójoojúmọ́. Má fi omi oníyọ̀ dí i láéláé.

Nísinsìnyí, jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. O rántí pé iná lọ níbí ní oṣù Kejì 2021, nígbà tí òtútù ńlá já lu Texas. Ilé àti ilé iṣẹ́ tó ju mílíọ̀nù 4 lọ ni kò ní iná. Ìwọ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà pé NEPA ti dé Amẹ́ríkà. Àpótí mi jẹ́ lítà 454. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e bí ọmọ jòjòló, mo ń fi ife bu omi tí mo ń dà á padà kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Nígbà tí iná fi dé, iyùn mẹ́ta péré ló kù tó ṣí ojú. Ìgbà yẹn ni mo pinnu láti ṣe kékeré tí bátìrì lè gbé.

Mo ra àpótí tó gùn ní 90, tó fẹ̀ ní 45. Inú mi dùn, mo sì kánjú. Páìpù àbọ̀, ìyẹn èyí tó ń gbé omi láti táǹkì ìsàlẹ̀ tó wà lábẹ́ àpótí padà sókè, mo ti ẹnu rẹ̀ bọ omi jìn kí ó má baà dún. Mo fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn sí i, mo sì fọkàn balẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, iná lọ fún ogójì ìṣẹ́jú péré. Ohun tó jí mi ni pé mo fẹ́ lọ tọ̀, ẹsẹ̀ mi sì rì sínú kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni tẹ ẹrẹ̀ lójú odò. Omi àpótí ti fà wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15. Lítà 60 nìyẹn. Táǹkì ìsàlẹ̀ gba nǹkan bí 20, ilẹ̀ ilé mi gba ìyókù. Alájọgbé ìsàlẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn pé òkè àjà òun ń jò. Nígbà tí mo tú fáàfù náà, ìṣáwùrú kan tí kò tó èékánná ìka kékeré ló há sí ẹnu rẹ̀. Òun ni kò jẹ́ kí ó pa dé. Omi ló dànù, agbè kò fọ́, ṣùgbọ́n owó àjà ilé onílé, èmi ni mo san án.

Kí ló ń fa omi wálẹ̀ nígbà tí pọ́ǹpù ti kú? Rántí bí àwọn awakọ̀ ṣe máa ń fa bẹntiróòlù látinú ọkọ̀. Wọ́n á ti rọ́bà bọ táǹkì, wọ́n á fi ẹnu fà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì ti orí kejì bọ kẹ́ẹ̀gì tó wà nílẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ẹni tó ń fà á mọ́. Epo fúnra rẹ̀ ló ń sáré wálẹ̀, kò sì ní dúró títí orí rọ́bà ti òkè yóò fi rí atẹ́gùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni páìpù àbọ̀ ṣe ń ṣe nígbà tí iná bá lọ. Tiwa nílé sì rèé, ìgbà mélòó ni iná ń lọ lóòjọ́? Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o ya páìpù rẹ sórí ìwé fún wákàtí tí kò sí iná ná, kí o tó ro ti wákàtí tí iná wà.

Ẹnu páìpù àbọ̀ ni kí o kọ́kọ́ yanjú. Má jẹ́ kí ó rì ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Lu ihò kékeré kan sí i ní abẹ́ ojú omi, kí ó lè tètè fa atẹ́gùn bí omi bá ti ń lọ sílẹ̀, kí o sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ihò náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí ewé omi á fẹ́ dí i. Bí omi bá fi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ sílẹ̀ nínú àpótí 90 sí 50, lítà 13 àtààbọ̀ ló ń bọ̀ nísàlẹ̀. Fi nǹkan bíi lítà 2 tó wà nínú páìpù kún un. Bí táǹkì ìsàlẹ̀ rẹ bá gùn ní 60, tó fẹ̀ ní 40, omi inú rẹ̀ á gòkè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 àtààbọ̀. Fi àyè 10 sílẹ̀. Fa ìlà pupa sára dígí níbi tí omi kò gbọ́dọ̀ kọjá nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, kí ìyàwó rẹ pàápàá mọ̀ ọ́n.

Páìpù tó ń gbé omi wálẹ̀, mẹ́ta ni kí o ṣe, má ṣe ẹyọ kan. Ínṣì kan tó fún àpótí yìí. Àkọ́kọ́ ni páìpù àgbà: omi ni kí ó kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, láìsí atẹ́gùn, kì í sì í pariwo. Fáàfù tí a ń yí díẹ̀díẹ̀ ni kí o fi sí i lára, kí o lè wọn omi rẹ̀. Èyí tí a ń yí bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò ṣeé wọn dáadáa. Kí ìdí rẹ̀ má rì ju sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 lọ nínú omi ìsàlẹ̀, kí ó lè tètè tú atẹ́gùn jáde nígbà tí iná bá dé. Ìkejì kò ní fáàfù. Omi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣẹ́kù ló ń gbé. Ìkẹta ni páìpù ọjọ́ ibi: ẹnu rẹ̀ ga ju ti àwọn yòókù lọ, gbígbẹ ló sì ń wà lójoojúmọ́. Jẹ́ kí ìdí rẹ̀ dúró lókè ojú omi ìsàlẹ̀, kí ó máa pariwo tí omi bá gba ibẹ̀. Bí o bá gbọ́ ariwo yẹn, nǹkan ti dí páìpù àgbà.

Iye lítà tí wọ́n kọ sára pọ́ǹpù, iye tó lè tì láìgun òkè ni. Bí ó bá gun mítà kan àtààbọ̀, á dín kù gan-an. Lítà 800 láàárín wákàtí kan tó fún ọ, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin omi inú àpótí. Fi yúníọ̀nù, ìyẹn oríkèé tó ṣeé tú, sí ẹnu pọ́ǹpù, kí o má baà fi ayùn gé páìpù lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ fọ̀ ọ́. Pọ́ǹpù tó ń da omi rú nínú àpótí ni kí o kọ́kọ́ so mọ́ ínfátà, torí bí iná bá pẹ́, àìsí atẹ́gùn ló máa ń kọ́kọ́ pa ẹja.

Ó ku ti Bàbá. Ọwọ́ wọn ni iṣẹ́ páìpù yẹ sí. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà kì í ṣe eré, èmi ni mo sì ń gbé àpò irinṣẹ́ tẹ̀lé wọn nígbà ìsinmi. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ gbé ẹ́líbò, mò ń gbọ́ ohùn wọn: "Omi kì í gbàgbé ọ̀nà ìsàlẹ̀." Ṣùgbọ́n mo mọ̀ wọ́n. Wọ́n á mú fáàfù idẹ jáde, wọ́n á ní oníke kì í pẹ́. Fi ọ̀wọ̀ bá wọn sọ ọ́, lórí ìkúnlẹ̀ tèmi náà, pé bàbà wà nínú idẹ, omi iyọ̀ ń jẹ ẹ́, ìwọ̀nba bàbà díẹ̀ nínú omi sì ń pa iyùn, edé àti ìṣáwùrú. Ike nìkan ni kí ohun tó bá kan omi náà jẹ́. Kí wọ́n to gbogbo rẹ̀ láìfi gọ́ọ̀mù ná, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n sì bi ẹni tó ń ta dígí bóyá wọ́n ti fi iná le é, nítorí irú dígí bẹ́ẹ̀ á fọ́ yángá tí a bá lu ihò sí i.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó ẹja lọ sínú àpótí kékeré, ẹ kó òkúta àti iyùn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú omi àpótí àtijọ́, torí àwọn kòkòrò tó ń sọ ìdọ̀tí ẹja di ohun tí kò lè pa wọ́n, ara òkúta ni wọ́n ń gbé. Yanrìn àtijọ́, ẹ dà á nù. Ẹ̀gbin ọdún mẹ́rin wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹja ńlá aláwọ̀ ìyeyè yẹn, gbé e fún ẹni tó ní àpótí ńlá. Àyè 90 kò gbà á. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé kí o lọ bu omi ọ̀sà: bí òjò bá ti dé, iyọ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́. Kí o tó da iyọ̀ sí i, fi omi lásán kún un fún wákàtí 24. Tẹ́ ìwé ìròyìn sí abẹ́ gbogbo oríkèé páìpù. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo pàápàá á fara hàn lórí ìwé. Lẹ́yìn náà, pa suíìṣì, dúró kí omi wálẹ̀ tán, kí o tún tàn án. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí omi kò bá kan ilẹ̀ nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, pè mí, kí n gbọ́ bí ó ṣe dákẹ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tó fẹ́ràn rẹ.