Ọta Ṣakabùlà àti Ayẹta

Bí ọ̀rọ̀ ìbọn ṣakabùlà bá ti délẹ̀ láàárín àwọn ọdẹ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ayẹta fi ń tẹ̀ lé e. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìtàn ẹni tí wọ́n yìnbọn sí tí ọta sì bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀ bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n. N kò fi ìgbà kan rò pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé: irú ìbọn wo ni wọ́n yìn, láti ibo sì ni?

Ẹnu ni a ti ń ki ṣakabùlà. Ẹ̀tù ni yóò kọ́kọ́ wọlé, àkísà yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ọta. Alágbẹ̀dẹ ilé ni ó sábà máa ń rọ ọ́. Inú ihò rẹ̀ ń dán ni, kò ní ìlà lílọ́ tí í mú ọta yí bí òkòtó, ọta roboto náà kì í sì í bá ihò mu géérégé.

Ní 1687 ni Isaac Newton kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun tó dúró yóò máa dúró, èyí tó ń lọ yóò sì máa lọ, àfi bí ipá kan bá dé bá a. Bí a bá fi ìwúwo ọta sọ eré rẹ̀ di púpọ̀, a ó rí ohun tí èmi ń pè ní ìgbéra rẹ̀. Ìgbéra ọta kò ṣẹ̀yìn èjìká ọdẹ: bí ọta 20 gíráàmù bá ń sá eré 300 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìbọn 4 kílò yóò ta sẹ́yìn ní mítà kan ààbọ̀. Ìdí nìyí tí ìbọn tí a yìn níbi ìsìnkú ọdẹ, tí kò ní ọta nínú, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbá èjìká.

Benjamin Robins, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, so ìtì igi rọ̀, ó yìnbọn sí i, ó sì wo bí igi náà ti fì tó, kí ó lè mọ eré ọta. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1742. Ó rí i pé afẹ́fẹ́ a máa jẹ eré ọta roboto ju bí àwọn ọ̀mọ̀wé ti rò lọ. Bí eré bá sì dín sí ìdajì, ìgbéra dín sí ìdajì, ṣùgbọ́n agbára tí ọta fi ń wọ ara dín sí ìdá mẹ́rin. Ẹ wá fi ẹ̀tù tí òjò ti pa kún un, àti gbérí tí a lẹ awọ àti oògùn mọ́ lára. Ọta tó wá láti ọ̀nà jíjìn lè dá egbò, kí ó sì bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ ọdẹ ní ayẹta tirẹ̀. Síbẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rìn lẹ́yìn òun lóru pẹ̀lú ìbọn kíkì.

Ogun Kírìjì, láti 1877 sí 1893, ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sí Èkìtìparapọ̀, èyí tí a ń ki láti ìdí, tí ọta rẹ̀ gùn, tó sì ń yí bí ó ti ń lọ. Irú ọta bẹ́ẹ̀ kì í tètè rẹ̀. Ìyà rẹ̀ jẹ àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tí ṣakabùlà pọ̀ lọ́wọ́ wọn níbẹ̀rẹ̀.

Títí di ìsinsìnyí, ìwé ìròyìn a máa gbé ìròyìn ọkùnrin tí wọ́n dán ayẹta wò lára rẹ̀, tó sì kú. Ẹni tó fẹ́ yìn ín kì í lọ dúró sí òkèèrè. Iwájú rẹ̀ gan-an ni yóò dúró sí. Ní ìṣísẹ̀ méjì, afẹ́fẹ́ kò tíì rí eré kankan jẹ.