Ìyẹ́ Pupa Orí Òkè Oku

Kò sí bí a ó ṣe ka àwọn ẹyẹ tí Yorùbá fi ń ṣe ìwúre tí a kò ní dárúkọ àgbe àti àlùkò. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó mọ orúkọ wọn lórí ahọ́n, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ó ti fojú rí wọn. Àwọn ẹyẹ méjèèjì yìí ní ìbátan kan ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, èyí tí kò sí níbòmíràn ní gbogbo àgbáyé. Tùràkò Bannerman ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ìtàn rẹ̀ yẹ ní gbígbọ́, nítorí ìtàn iyì ọmọ ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Orí òkè ni ilé rẹ̀. Inú igbó tútù tí ìkùukùu máa ń bò, níbi tí ilẹ̀ ti ga tó nǹkan bí 1,700 mítà sókè, ni a ti ń bá a. Igbó Kilum-Ijim, tí ó wà lórí òkè Oku àti òkè Ijim ní agbègbè Bamenda, ni ibùgbé rẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù lọ. Òkè Oku fúnra rẹ̀ ga tó 3,011 mítà. Ọdún 1923 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ẹyẹ náà nínú ìwé ìmọ̀. Ara rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ìyẹ́ orí rẹ̀ sì pọ́n bí osùn. Bí ó bá jókòó sáàárín ewé, ojú kì í tètè rí i. Ohùn rẹ̀ ni ènìyàn máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá na apá láti fò, pupa ìyẹ́ apá rẹ̀ á yọ bí iná.

Èso igi ni olórí oúnjẹ rẹ̀. Ó ń jẹ èso, ó ń gbé kóró rẹ̀ kiri, ó sì ń yà á sílẹ̀ níbi tí igi mìíràn yóò ti hù. Bí igbó ti ń bọ́ ọ ni òun náà ń gbin igbó.

Pupa ìyẹ́ rẹ̀ kì í ṣe pupa lásán. Ní ọdún 1869, Church, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará England, fi hàn pé bàbà wà nínú àwọ̀ pupa tí ó wà lára ìyẹ́ ìdílé ẹyẹ yìí. Ẹyẹ kò ní ilé alágbẹ̀dẹ. Inú oúnjẹ ni ó ti ń rí bàbà. Ilẹ̀ ni ó fún igi, igi ni ó fún èso, èso sì ni ó fún ẹyẹ.

Ìyẹ́ pupa tùràkò yìí ni Fon, èyí tí í ṣe ọba láàrin àwọn ènìyàn orí òkè náà, fi ń dá ẹni tí ó ṣe ohun ribiribi lọ́lá. Ara fìlà ni wọ́n ń há a mọ́. Kò sí ẹni tí ó lè dédé mú un há fìlà tirẹ̀; àfi kí ọba fi fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dunni ni pé igbó tí iyì yìí ti ń wá ń dínkù. Ilẹ̀ náà lọ́ràá, ènìyàn sì pọ̀ níbẹ̀. Àgbẹ̀ ń gé igbó láti gbin àgbàdo àti ẹ̀wà, ewúrẹ́ ń jẹ igi kéékèèké tí ó ń hù, iná sì ń jó ohun tí ó kù. Wọ́n tún ń bó èèpo igi Prunus africana tà fún àwọn apòògùn ní Yúróòpù, nítorí àìlètọ̀ geerege àwọn àgbàlagbà ọkùnrin. Bí wọ́n bá bó o yípo, igi náà á kú. Tùràkò Bannerman ti wà lára àwọn ẹyẹ tí a kà sí pé wọ́n wà nínú ewu àkúrun. Ta ni a ó wá dá lẹ́bi? Ẹni tí ebi ń pa ọmọ rẹ̀ kò lè tìtorí ẹyẹ kí ó má roko.

Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ètò ìdáàbòbò igbó náà ní ọdún 1987, lábẹ́ àjọ tí a mọ̀ lónìí sí BirdLife International, mọ èyí. Wọ́n bá ọba àti ará ìlú fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà igbó. Òfin igbó ti ọdún 1994 sì fún àwọn ìlú ní àǹfààní láti máa bójú tó igbó tiwọn. Ọ̀sìn oyin náà ṣèrànwọ́: òdòdó igi orí òkè ni ó ń mú oyin funfun Oku wá, oyin tí wọ́n fi òfin dáàbò bo orúkọ rẹ̀ ní ọdún 2013. Ẹni tí ó ń ta oyin kò ní fẹ́ kí igbó jó. Ṣùgbọ́n rògbòdìyàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè náà ní ọdún 2016 ti tú ọ̀pọ̀ ènìyàn ká, ó sì ti sọ iṣẹ́ ṣíṣọ́ igbó di ohun tó le.

Kí Yorùbá má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Àwa náà ní ìkóódẹ, ìyẹ́ pupa ìdí odídẹrẹ́, tí a fi ń ṣe ọba àti aláwo lọ́ṣọ̀ọ́. Ní ọdún 2016, odídẹrẹ́ náà wọ inú ìwé àwọn ẹ̀yà tí ó wà nínú ewu, nítorí àwọn tí ń mú un tà àti igbó tí a ń gé. Ìwúre ṣì ń dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí ẹyẹ bá tán, àwọn ọmọ wa yóò máa kọ́ orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ orúkọ òkú. Bóyá ó yẹ kí ẹni tí ọba bá há ìyẹ́ pupa mọ́ ní fìlà kọ́kọ́ lọ gbin igi eléso kan sórí òkè, kí ọmọ rẹ̀ náà lè rí ìyẹ́ há.