TA NI Ó ṢE FÌTÍLÀ YÌÍ?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, 'Yinni yinni, kẹ́ni ó ṣe mìíràn.' Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo rí àwòrán fìtílà mọ́sáláṣí kan nínú ìwé. Gíláàsì ni wọ́n fi ṣe é, ní ayé àwọn Sultan Mamluk tí wọ́n jọba lé Íjíbítì àti Síríà lórí, láàárín 1329 sí 1335. Ó wà ní Metropolitan Museum ní New York báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú rẹ̀. Iyanrìn àti eérú ewéko ni wọ́n ń yọ́ pọ̀ nínú iná ìléru. Nígbà tí ó bá rọ̀ bí oyin, oníṣẹ́ yóò ki ọ̀pá irin oníhò bọ̀ ọ́, yóò sì máa fẹ́ ẹ lẹ́nu títí yóò fi wú di ìkòkò ẹlẹ́nu gbàgàdà. Yóò lẹ etí wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, níbi tí wọn yóò ti fi ẹ̀wọ̀n gbé e kọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò fi wúrà kùn ún. Wọn yóò lọ gíláàsì aláwọ̀ kúnná, wọn yóò pò ó bí ọ̀dà, wọn yóò sì fi í kọ̀wé, wọn yóò fi ya òdòdó. Wọn yóò wá dá a padà sínú iná. Ibí yìí gan-an ni wàhálà wà. Bí iná kò bá tó, àwọ̀ náà kò ní mú. Bí ó bá pọ̀ jù, ìkòkò fúnra rẹ̀ yóò wọ́, làálàá á sì di asán. Ojú lásán ni oníṣẹ́ fi ń mọ ìgbà tí ó tó.

Lára ọrùn ọ̀pọ̀ irú fìtílà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ẹsẹ̀ Kùránì tí ó fi ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run wé fìtílà inú gíláàsì sí. Bí wọ́n bá tàn án lálẹ́, ìmọ́lẹ̀ a máa gba inú ọ̀rọ̀ náà jáde.

Ta wá ni wọ́n yìn lára èyí tí mo rí? Qawsun, agbọ́tí Sultan al-Nasir Muhammad ni. Orúkọ àti oyè rẹ̀ ni wọ́n kọ gàdàgbà yí ikùn rẹ̀ ká, wọ́n sì ya ife sí i, àmì ipò rẹ̀. Ọlá náà kò pẹ́: ní 1342 wọ́n pa á sínú ẹ̀wọ̀n.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí fìtílà náà. Ibẹ̀ ni oníṣẹ́ ti kọ orúkọ tirẹ̀ wínníwínní: Ali, ọmọ Muhammad. Irú èyí ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn fìtílà wọ̀nyí ni kò ní orúkọ ẹni tí ó ṣe wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ìyá mi a máa hun aṣọ òfì. Mo ti bá a dé ibi ìgbéyàwó tí aṣọ tí ó hun wà lára ìyàwó. Onílù ki ìyàwó, ó ki bàbá ìyàwó, ó ki ẹni tí ó ra aṣọ. Ìyá mi jókòó, ó ń jẹun. Lóòótọ́, bí a bá gbọ́ orúkọ tí ó ní Àyàn, a mọ̀ pé ìdílé onílù ni. Bí a bá gbọ́ Ọnà, a mọ̀ pé ìdílé oníṣọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé kò sọ ọwọ́ tí ó ṣe é.

Ọwọ́ yìí kan náà ni ó sì ń tètè sọnù. Ní 1401, Timur kó ìlú Damásíkù, ó sì kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ lọ sí Samarkand. Iṣẹ́ gíláàsì náà rẹ̀yìn. Ní 1569, Sokollu Mehmed Pasha, igbákejì Sultan ilẹ̀ Tọ́kì, ránṣẹ́ sí Venice ní Ítálì fún fìtílà mọ́sáláṣí 900. Ọba kò tán, mọ́sáláṣí kò tán, owó kò tán; ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà ni kò sí nílé mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ń lọ gba oríkì sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá yín, tí ẹ sì rí ilẹ̀kùn gbígbẹ́ tàbí aṣọ òfì tí ó dára, ẹ má bèèrè ẹni tí ó ni ín nìkan. Ẹ bèèrè ẹni tí ó ṣe é, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ó ṣì lè gbọ́ ọ.