Wáfù Holland, áísìkirímù àti Yorùbá àwọn ọmọ wa

Ọmọ wa tó wà ní Holland fi stroopwafel ránṣẹ́ sí wa. Ìlú Gouda ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe: wáfù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì, ṣúgà yíyọ́ tó ki bí oyin láàárín wọn. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń gbé e lé ẹnu ife tíì gbígbóná kó lè rọ̀. Nínú ooru Kánò yìí, ta ló ń wá tíì?

Àwa fi áísìkirímù sáàárín méjì, a rọra tẹ̀ ẹ́, a fi ọ̀rá wé e, ó di inú fíríìsà. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀, torí ṣúgà inú ẹ̀ á ti le.

Kì í ṣe ọjà títà o, owó epo jẹnẹrétọ̀ á gbé èrè lọ. Ṣùgbọ́n Haúsá làwọn ọmọ-ọmọ wa ń bá ara wọn sọ. A ní ẹni tó bá fi Yorùbá bèèrè ló máa jẹ. Èyí tó kéré jù ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi."

Bẹ́ ẹ ò bá rí stroopwafel, ẹ lo bísíkíìtì. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n bèèrè.