Kí Ó Má Kú Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Bí a bá lọ ṣe àyẹ̀wò ibà ní ọsibítù, wọ́n á gún wa níka, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á da aró tó ń jẹ́ Giemsa lé e lórí, kí wọ́n tó gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Kòkòrò ibà tí wọ́n ń rí níbẹ̀ ti kú. Ìyẹn tó láti fi mọ oògùn tí aláìsàn máa lò. Kò lè sọ bí kòkòrò náà ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń já wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, tàbí bí ó ṣe ń bẹ́ jáde.

Alphonse Laveran, dókítà ológun ọmọ ilẹ̀ Faransé, kò kun ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ láró. Ní ọjọ́ 6, oṣù kọkànlá, ọdún 1880, ní ìlú Constantine ní Àlgéríà, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ tútù ọmọ ogun kan tí ibà dá dúbúlẹ̀. Ó rí ohun róbótó kan tí àwọn okùn tín-ín-rín ń jù fìrìfìrì lára rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jù yẹn ló fi mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí ni. Ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ rẹ̀ kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Lónìí a mọ̀ pé iṣẹ́ tí akọ kòkòrò ibà máa ń ṣe nínú ikùn ẹ̀fọn ló ṣe lójú rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ tó tutù lórí gíláàsì ló tan kòkòrò náà, ó rò pé òun ti dé inú ẹ̀fọn. Ká ní Laveran jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yẹn gbẹ ni, kì bá tí rí i.

*

Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì kò ní àwọ̀. Ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá láìfi nǹkan kan sílẹ̀ fún ojú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pa á kí wọ́n tó kùn ún. Frits Zernike, ní Yunifásítì Groningen ní Netherlands, kíyè sí i pé ìmọ́lẹ̀ tó gba inú sẹ́ẹ̀lì máa ń pẹ́ díẹ̀ ju èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ojú wa kò lè mọ pípẹ́ yẹn, àmọ́ ó wá ọgbọ́n sí i, pípẹ́ náà sì di ibi dúdú àti ibi funfun tí ojú lè rí. Nígbà tó gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ Zeiss ní Jena ní 1932, wọn kò kà á sí. Ní 1953 ó gba ẹ̀bùn Nobel. Nínú gbogbo ọgbọ́n tí àwọn onífísíìsì ti dá fún àwọn oníṣègùn, èyí wà lára àwọn tí mo fẹ́ràn jù: kò fi nǹkan kan kún sẹ́ẹ̀lì, kò sì mú nǹkan kan kúrò lára rẹ̀.

*

Kuiníìnì tí wọ́n ń fún àwọn bàbá wa mu fún ibà ní iṣẹ́ mìíràn. Ní 1852, George Gabriel Stokes fi omi tó po kuiníìnì sí hàn pé bí ìtànṣán tí ojú kò rí bá bà á, á dá ìmọ́lẹ̀ búlúù padà. Ohun tó bá gba irú ìmọ́lẹ̀ kan tó sì dá irú mìíràn padà, a lè dínà èyí tó wọlé, ká gba èyí tó ń jáde nìkan. Orí ọgbọ́n yìí ni ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ tó kù dúró lé.

*

Osamu Shimomura jẹ́ ọmọ ọdún 16 ní Isahaya, nítòsí Nagasaki, nígbà tí bọ́ǹbù átọ́míìkì bú ní oṣù kẹjọ ọdún 1945. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fọ́ ọ lójú fún ìgbà díẹ̀. Ní 1961, òun àti Frank Johnson láti Princeton wà ní Friday Harbor, létí òkun ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, wọ́n ń fi àwọ̀n kó ẹran omi kan tí kò léegun, tí ara rẹ̀ mọ́ gaara, tí etí rẹ̀ sì máa ń tàn. Wọ́n kó nǹkan bí 10,000. Ohun tó ń tan búlúù ni wọ́n ń wá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti rí purotéènì mìíràn tó ń tan àwọ̀ ewé, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ ní ṣókí nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1962. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kọjá kí aráyé tó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn.

Douglas Prasher ló yọ jíìnì purotéènì náà, ní 1992. Owó ìwádìí rẹ̀ tán, ó sì fi jíìnì náà ránṣẹ́ sí Martin Chalfie àti Roger Tsien. Ní 1994 Chalfie fi í sínú bakitéríà àti aràn kan tí kò ju mílímítà kan lọ. Àwọn iṣan tí aràn náà fi ń mọ̀ pé nǹkan kàn án tàn, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì wà láàyè. Kò sí ẹni tó da aró sí i. Sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ṣe àtùpà tirẹ̀, ọ́ksíjìn lásán ló sì fi parí iṣẹ́ náà. Tsien tún un ṣe títí ó fi di oríṣiríṣi àwọ̀.

Shimomura, Chalfie àti Tsien gba Nobel ní 2008. Ní àsìkò yẹn, awakọ̀ ni Prasher ní ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò ní Huntsville, Alabama. Chalfie àti Tsien sanwó kí òun àti ìyàwó rẹ̀ lè wá sí Stockholm. Ó dùn mí pé ìmọ̀ lè jẹ ẹnì kan ní gbèsè tó tó báyìí, ó sì dùn mọ́ mi pé àwọn méjèèjì kò gbàgbé rẹ̀.

*

Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń wo sẹ́ẹ̀lì lè pa á. Aró tó bá ti gba ìmọ́lẹ̀ lè sọ ọ́ksíjìn inú sẹ́ẹ̀lì di májèlé. Búlúù burú ju pupa lọ. Aró á máa ṣá, sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ pín sí méjì á dúró lágbede méjì, ẹni tó ń wò ó á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí sẹ́ẹ̀lì ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Nítorí náà ni oníwàádìí tó mọṣẹ́ fi máa ń fi àwo kan pamọ́ sínú òkùnkùn, tí kò ní tan iná sí i rárá, kó lè fi wé èyí tó wò.

*

Ní 1873, ní Jena ní Jámánì, Ernst Abbe ṣe ìṣirò pé ìmọ́lẹ̀ kò lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ bí wọ́n bá sún mọ́ra ju nǹkan bí ìdá 5,000 mílímítà kan lọ. Wọ́n gbẹ́ ìṣirò náà sára òkúta ìrántí rẹ̀. Stefan Hell dábàá ọ̀nà láti rékọjá ààlà yẹn ní 1994, ó sì fi hàn ní 2000. Eric Betzig, tó ti fi iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀ lọ bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Michigan, padà wá, òun àti Harald Hess sì to ẹ̀rọ tiwọn jọ nínú pálọ̀ Hess ní La Jolla ní 2005.

Àwòrán wọn mú ṣáṣá, ó sì yẹ lóhun tí a ń yìn. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti fi oògùn mú gan ni Betzig àti Hess kọ́kọ́ yà, nítorí ó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò kí àwòrán kan tó pé. Ọ̀nà ti Hell náà ń fẹ́ lésà tó le. Mo gbà pé ìgbà tí Betzig padà sórí sẹ́ẹ̀lì alààyè ló ṣe iṣẹ́ tó tóbi jù: ní 2014, ọdún kan náà tí wọ́n fún un ní Nobel, ó gbé ẹ̀rọ kan jáde tó ń fi ìmọ́lẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wo sẹ́ẹ̀lì láìdí i lọ́wọ́.

*

Bí oòrùn bá gba ojú ihò fèrèsé wọ yàrá tó ṣókùnkùn, eruku tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ nìkan ló ń hàn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tí Jan Huisken, Ernst Stelzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ní Heidelberg ní 2004 ṣe ń ṣiṣẹ́: ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ní pẹlẹbẹ, ibi tí a ń wò nìkan ló ń bà, ìyókù wà nínú òkùnkùn. Ní 2008, wọ́n fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tọpa sẹ́ẹ̀lì ọmọ ẹja kan fún wákàtí 24 àkọ́kọ́ ayé rẹ̀.

*

Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde náà ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ alààyè: ní 1927, Hahn àti Gillespie fi ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní in sábẹ́ máíkírósíkóòpù, wọ́n lé ọ́ksíjìn kúrò, sẹ́ẹ̀lì náà sì tẹ̀ kọdọrọ. Wọ́n dá ọ́ksíjìn padà, ó tún di róbótó. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ kò lè fi èyí hàn láéláé.

*

Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí a fẹ́ fi fíìmù yà mọ́jú ń fẹ́ ooru dígírì Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì 37, ó ń fẹ́ káábọ́ọ̀nù dayọ́kísáìdì ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń fẹ́ tábìlì tí kì í mì. Iná mànàmáná tó lọ láàárín òru lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Jẹnẹrétọ̀ tó ń gbọ̀n lẹ́yìn ògiri náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. A kò ṣe aláìní ọlọ́gbọ́n ní ilẹ̀ wa. Ohun tó ń dá iṣẹ́ yìí dúró ni iná tí kò dúró. Inú mi dùn sí ilé àwòrán Africa Microscopy Initiative ní Yunifásítì Cape Town, tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn oníwàádìí láti gbogbo Áfíríkà. Àmọ́ Cape Town jìnnà sí Ìbàdàn.

*

Nígbà tí wọ́n fi jíìnì tó ń tàn sínú kòkòrò ibà eku, wọ́n lè wò ó lẹ́yìn tí ẹ̀fọn bá jẹ eku tán. Kòkòrò náà kì í sábà bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ tààrà. Inú awọ ara ni ẹ̀fọn ń tú u sí, ibẹ̀ ló sì ti ń rìn kiri títí á fi rí iṣan ẹ̀jẹ̀ wọ̀; àwọn mìíràn á ṣìnà, wọn kò ní dé ẹ̀dọ̀ rárá. Ní 2004, ní Yunifásítì New York, Jerome Vanderberg àti Ute Frevert rí i pé nínú awọ eku tí ara rẹ̀ ti ní àjẹsára, kòkòrò náà kò lè rìn mọ́. Láti ìgbà náà, awọ ara ti di ọ̀kan lára ibi tí àwọn tó ń wá àjẹsára ibà ń ṣọ́.