Ohun Tó Ń Gbé Irin Ró Nínú Omi

Irin ló sọ ilẹ̀ Kétu di pupa. Láti ìlú Alákétu títí dé Pọbẹ̀, ilẹ̀ pupa kan náà ni, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní terre de barre. Bí òjò bá rọ̀ tí àgbàrá gbá a, tí èèyàn bu omi rẹ̀ sínú ìgò, pípọ́n tó pọ́n rúsúrúsú yẹn kì í lọ bọ̀rọ̀. Irin wúwo ju omi lọ. Kí ló wá gbé e ró? Ìbéèrè yìí kò jẹ́ kí n gbádùn, àfìgbà tí mo kà nípa omi olóòfà.

Omi olóòfà dúdú kirikiri, òòfà sì lè fà á lódindi, tomi-tirin. Stephen Papell ló ṣe é ní NASA lọ́dún 1963, kí òòfà lè máa darí epo rọ́kẹ́ẹ̀tì níbi tí nǹkan kì í ti wúwo. Ọ̀rá ló fi bo wóró irin inú rẹ̀ kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ René Massart ní Paris, lọ́dún 1981, ni mo kà tí orí mi wú. Kò lo ọ̀rá rárá. Kíkan omi nìkan ló gbára lé.

Ó po iyọ̀ irin oríṣi méjì, ó da amóníà sí i, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú kan sì rọ̀ sísàlẹ̀. Wóró inú rẹ̀ kéré débi pé, bí a bá to 100,000 lára wọn sí ìlà kan, wọn ò ju mìlímítà kan lọ. Tí ó bá da ásíìdì sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí, tí ó ṣàn án, tí ó tún bu omi sí i, kò ní sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ mọ́: gbogbo rẹ̀ á di omi dúdú kan ṣoṣo, á sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nínú omi kíkan, ara wóró kọ̀ọ̀kan máa ń gba iná mànàmáná, irú kan náà sì ni gbogbo wọn ń gbà, wọ́n wá ń ti ara wọn sẹ́yìn. Nínú omi tó ta bí omi eérú, iná náà á yí sí òdìkejì, síbẹ̀ ọ̀kan náà ni ti gbogbo wọn, wọn á ṣì máa yẹra fún ara wọn. Èérún ilẹ̀ tó kúnná jù nínú omi àgbàrá, irú iná bẹ́ẹ̀ náà ló gbé e ró.

Ààrin méjèèjì ni ewu wà. Bí omi bá ti sún mọ́ 7 lórí òṣùwọ̀n pH, tí kò kan, tí kò sì ta, iná ara wóró irin á tán. Ẹ wo ìgò náà nígbà yẹn: ojú omi tó ń dán á kọ́kọ́ ṣú, èérún dúdú á yọ lára ìgò, wọn á ṣù jọ, wọn á já wálẹ̀, omi orí wọn á sì mọ́ gaara.

Ẹni tó bá ti ṣe wàrà sóyà rí mọ irú èyí. Omídùn orí ògì là ń dà sí i kó lè dì. Níbẹ̀, kíkan ló ń mú èròjà sóyà ṣù jọ, òun kan náà ló sì ń tú irin ká. Òfin kan náà ni. Ibi tí iná ara oníkálukú ti ń tán ni kò dọ́gba.

Ẹ̀jẹ̀ èèyàn wá ńkọ́? pH rẹ̀ jẹ́ 7.4, ó sún mọ́ ibi tí irin ti ń ṣù pẹ́kípẹ́kí. Ìdí rèé tí àwọn tó ń fi wóró yìí ṣe oògùn tí à ń gún kí àwòrán MRI lè hàn kedere kì í fi í sílẹ̀ níhòòhò. Dextran, tó jẹ́ ọmọ ìyá ṣúgà, ni wọ́n sábà máa ń fi bò ó. Kí nǹkan ṣù nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe eré.

Àmọ́ Kétu ni ọkàn mi wà. Ilẹ̀ pupa yìí kan díẹ̀. Irin inú rẹ̀ ní iná irú kan, amọ̀ ní òdìkejì rẹ̀, wọ́n wá di ara wọn mú. Ìyẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ilẹ̀ náà máa mu omi òjò. Bí a bá ń da eérú tàbí òkúta ẹfun lílọ̀ sí i láìwọ̀n, nítorí wọ́n ní ilẹ̀ tó kan kò dára fún àgbàdo, pH á gòkè, ìdìmú yẹn lè tú, amọ̀ á sì dí ojú ihò ilẹ̀. Yunifásítì iṣẹ́ ọ̀gbìn ti wà ní Kétu báyìí. Ó wù mí kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ti inú ìgò omi olóòfà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóko bàbá wọn, kí wọ́n sì wọn pH oko kí ẹnikẹ́ni tó gbé àpò ẹfun dé.